Àlọ́ Àpamọ̀ àti Ẹgbẹ́ Amí: Àyẹ̀wò Eré Orí Tábìlì Mẹ́ta

Eré kan wà tí díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀, tí àwọn àgbà ń pè ní eré ọmọdé. Ní tèmi, mo gbà pé ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ìwé ìtàn àti eré onítàn wò, nítorí pé ìtàn ni, ọgbọ́n ìtàn ni a sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ohun kan ṣoṣo ni èmi yóò mú nínú rẹ̀: bí a ti ń fi ẹgbẹ́ amí pamọ́ fún àwọn tí ń ṣe eré náà. Mo fẹ́ fi hàn pé ìpamọ́ kan wà tí í ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n, òmíràn sì wà tí í ṣe ìrẹ́jẹ, àti pé a lè fi ohun tí àwa Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kí ó fi ojú inú wo ènìyàn bíi márùn-ún tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí. Òun ni ó ń sọ bí ìlú ti rí, ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àti ohun tí a bá nínú àpótí. Àwọn yòókù ni òṣèré; olúkúlùkù gbé ìwà ẹnì kan wọ̀, ó sì ń sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Bí ohun tí ó fẹ́ ṣe bá le, wọn a da dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Kò sí ìtàgé, kò sí òǹwòran. Àwọn tí ń sọ ìtàn náà ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, láti ara èyí ni àwọn yòókù sì ti ṣẹ̀. Idà, oògùn àti iwin ni ìyẹn dá lé. Kò pẹ́ tí ti àwọn amí fi tẹ̀ lé e: Top Secret, iṣẹ́ Merle Rasmussen, jáde ní 1980.

Níbo ni ìṣòro wà? Nínú ìwé ìtàn, òǹkọ̀wé ni ó ń fa òǹkàwé lọ́wọ́. Bí a bá ka Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, ibi tí òǹkọ̀wé bá mú wa lọ ni a ó lọ. A kò lè ní kí Lápàdé yà sí ilé kejì kí ó bi ìyá ológì léèrè ọ̀rọ̀. Ní ìdí tábìlì, bẹ́ẹ̀ kọ́. Olùdarí lè ti to gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ilé ọ̀gágun, kí àwọn òṣèré sì kọ ẹ̀yìn sí ilé ọ̀gágun, kí wọ́n máa tẹ̀ lé awakọ̀ rẹ̀ lọ sí ọjà. Nítorí náà, ìdánwò méjì ni ó ń dé bá olùdarí tí ó ní àṣírí. Èkíní ni kí ó dákẹ́ pátápátá. Èkejì ni kí ó máa yí ìdáhùn padà nígbà tí ọwọ́ àwọn òṣèré bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí ó dákẹ́ rò pé òun ń pa àṣírí mọ́. Kò pa ohunkóhun mọ́. Ohun tí a kò bá sọ ní ìdí tábìlì, kò sí ní ìdí tábìlì. Mo ti bá àwọn kan ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní alẹ́ tí olùdarí wá ṣí i payá pé ẹgbẹ́ amí kan ni ó ti ń darí ìlú náà láti ọjọ́ kìíní, ńṣe ni a ń wo ara wa lójú. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó rántí ohun kan tí ó lè mú kí ó wí pé, “Háà, ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn nìyí!” Ọkùnrin náà ti fi oṣù mẹ́ta kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà sínú ìwé rẹ̀, ní tiwa, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni a bí i.

Ẹni tí ó ń yí ìdáhùn padà burú ju ìyẹn lọ. Òṣèré kan ronú títí, ó ní, “Akọ̀wé gómìnà ni amí náà.” Òótọ́ ni ó sọ. Olùdarí bẹ̀rù pé eré yóò tètè parí, ó bá sọ akọ̀wé di aláìmọwọ́-mẹsẹ̀, ó gbé ẹ̀bi lé ẹlòmíràn lórí. Ó lè jẹ́ pé àwọn òṣèré kò ní mọ̀ láéláé. Síbẹ̀ ó ti jí nǹkan wọn, nítorí pé ó ti sọ ìrònú wọn di asán.

Àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí Gygax. Ẹ rántí àlọ́ àpamọ̀ nípa ìyá kan tí ó bí igba ọmọ, tí gbogbo wọn lé tìróò. Ẹ̀wà ni. Kí ni ó mú kí àlọ́ náà dùn? Ẹni tí a pa á fún ti mọ ẹ̀wà láti kékeré. Bóyá ó tilẹ̀ jẹ ẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú dúdú tí ó wà lára ẹ̀wà kò pamọ́ fún un rárá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni a fi pamọ́. Nígbà tí a sì sọ ìdáhùn, a kò fún un ní ohun tuntun. Ohun tí ó ti ní lọ́wọ́ ni a jẹ́ kí ó tún wò. Èyí ni òfin kìíní: kí ẹni tí a ń pa àlọ́ fún ti rí ohun náà, kí ó sì fún un ní ìtumọ̀ mìíràn. Òfin kejì ni pé ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wà kí a tó pa àlọ́. Bí ọmọdé bá ní, “Ẹ̀wà ni,” tí àgbà sì yára ní, “Rárá o, àgbàdo ni,” ìyẹn kì í ṣe àlọ́ mọ́. Ó rẹ́ ọmọ náà jẹ ni.

Ìtàn Mọremí ń ti òfin kìíní lẹ́yìn. Ìtàn sọ pé ojú ara wọn ni àwọn ará Ifẹ̀ fi ń rí àwọn tí ń wá kó wọn. Wọ́n rí ìko àti koríko tí wọ́n fi bora. Ẹbọra ni wọ́n pè wọ́n. Nígbà tí Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni ó lọ wá. Ìtumọ̀ ohun tí gbogbo ìlú ti rí ni ó lọ mú bọ̀ wá sílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn amí gidi ń ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé tí ó wà ní nọ́ńbà 54, òpópónà Broadway ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ibùjókòó ẹgbẹ́ amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí MI6. Wọn kò kọ́ ilé náà sínú igbó. Pátákó Minimax, ilé-iṣẹ́ tí ń ta ohun ìpaná, ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ipò òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ìwé ìrìnnà ni wọ́n máa ń fi àwọn ènìyàn wọn sí ní òkè òkun. Ẹni tí ó bá lọ gba òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti bá amí sọ̀rọ̀, ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú eré mẹ́ta, kí a fi òfin méjì yìí wọ̀n wọ́n.

Èkíní ni Paranoia, tí Greg Costikyan, Dan Gelber àti Eric Goldberg ṣe, tí West End Games sì tẹ̀ jáde ní 1984. Ìlú kan tí a sé mọ́ ni, kọ̀ǹpútà kan ni ó sì ń jọba lé e lórí. Iṣẹ́ àwọn òṣèré ni láti wá àwọn ọ̀dàlẹ̀ kàn, kí wọ́n sì pa wọ́n. Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀. Ọ̀dàlẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá ní agbára àjèjì tí wọ́n bí mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òṣèré ló wà nínú ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀, gbogbo wọn ló sì ní agbára àjèjì. Olùdarí a máa fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí olúkúlùkù, àwọn yòókù a sì máa fi ojú bá ìwé náà lọ. Ìwé eré náà tilẹ̀ sọ pé ọ̀tẹ̀ ni bí òṣèré bá fi hàn pé òun mọ òfin eré. Nítorí pé ikú pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀dá mẹ́fà tí wọ́n jọra ni a fún olúkúlùkù. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì a rọ́pò rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín púpọ̀ nínú eré yìí, n kò sì fi ojú kéré rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀fẹ̀ tí ó mú bí abẹ: ó fi irú ìjọba kan hàn tí ó ṣe òfin tí kò sí ẹni tí kò ní jẹ̀bi rẹ̀, kí ó bàa lè rí gbogbo ènìyàn mú. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè bóyá ó pa àṣírí mọ́, rárá ni ìdáhùn. Gbogbo ẹni tí ó jókòó ti mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kò sí ẹni tí ó ní láti mọ àlọ́ náà; ó kù kí wọ́n mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi ẹnì kejì sùn. Alẹ́ kan ni adùn rẹ̀ wà fún.

Èkejì ni Delta Green. Inú ìwé ìròyìn The Unspeakable Oath ni ó ti kọ́kọ́ yọjú ní 1992. Ní 1997 ni Dennis Detwiller, Adam Scott Glancy àti John Scott Tynes sọ ọ́ di odidi ìwé. Ìdí ìtàn rẹ̀ wà nínú ìtàn tí H. P. Lovecraft kọ nípa Innsmouth, ìlú etí òkun kan. Wọ́n ní ní 1928 ìjọba Amẹ́ríkà ya wọ ìlú náà, wọ́n sì bá ohun tí kì í ṣe ènìyàn níbẹ̀. Láti inú èyí ni ẹgbẹ́ amí kan ti jáde, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pa irú ohun bẹ́ẹ̀ run. Ní 1970 ìjọba tú ẹgbẹ́ náà ká. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò túká. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ọlọ́pàá, ọmọ ogun, dókítà, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ náà láìgba àṣẹ, láìgba owó. Nínú ìwé 1997 yẹn, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín ara wọn sí, kí ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ má lè tú gbogbo ilé.

Ẹ kíyè sí i pé a ti yí àwo padà. Àwọn òṣèré kò sí ní ìta mọ́, inú awo ni wọ́n wà. Àwọn ará ilé wọn ni ó wà ní ìta. Nínú ìwé àwọn òṣèré tí ó jáde ní 2016, olúkúlùkù a kọ orúkọ àwọn tí ó fẹ́ràn sílẹ̀, aya, ọmọ, ọ̀rẹ́, a sì kọ iye kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ̀rù bá fẹ́ da orí amí náà rú, ó lè fi àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe gbẹ̀rọ̀, kí ọkàn tirẹ̀ lè dúró. Ṣùgbọ́n iye tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yóò dínkù. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a ó béèrè bí ilé ti rí. Wàyí o, ilé náà ti ń tú. Aya ti rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ti gbọ́ tẹlifóònù ní òru. Ó mọ̀ dájú pé ọkọ òun ń parọ́. Ìdí tí ó fi ń parọ́ ni kò mọ̀, ó sì fún un ní ìtumọ̀ tí ó sún mọ́ ọn jùlọ: obìnrin mìíràn wà níta. Òfin kìíní nìyẹn, a sì ti gbé e wọ inú yàrá. Ọkọ kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí pé kí ó tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní láti sọ bí ó ti jẹ́. Èyí ni ohun tí mo rí nínú Delta Green tí n kò rí nínú àwọn eré amí yòókù: àṣírí ní owó orí, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni ó sì ń san án.

Ẹ̀kẹta ni Night’s Black Agents, tí Kenneth Hite kọ, tí Pelgrane Press tẹ̀ jáde ní 2012. Àwọn òṣèré jẹ́ amí tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó bá lówó. Wọ́n ṣàdédé mọ̀ pé àwọn vampire, òkú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ni ó wà lẹ́yìn àwọn tí ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ohun méjì ni ó yẹ kí a yìn nínú rẹ̀. Èkíní ni òfin tí Hite yá lọ́wọ́ Robin D. Laws: bí òṣèré bá wo ibi tí ó yẹ, tí ó sì ní ìmọ̀ tí ó yẹ, ó gbọ́dọ̀ rí ipa tí ó wà níbẹ̀, dáìsì kò ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà. Èkejì ni àwòrán ẹgbẹ́ náà, tí a fi ìpele mẹ́fà yà. Ní ìsàlẹ̀ ni àwọn jàǹdùkú ìgboro àti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké wà. Ní téńté ni olórí wọn. Olùdarí a fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ẹni ìsàlẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni òkè. Àwọn òṣèré náà a máa ya àwòrán tiwọn bí wọ́n ti ń wádìí. Bí jàǹdùkú bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ tọ́ka sí báńkì. Báńkì tọ́ka sí ọ̀gá kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ẹ̀fà.

Ní 2015, Hite àti Gareth Ryder-Hanrahan gbé The Dracula Dossier jáde fún eré yìí, wọ́n sì fa òfin kìíní dé òpin rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni pé Dracula, ìwé tí Bram Stoker tẹ̀ jáde ní 1897, kì í ṣe àròsọ. Ìròyìn ni, láti ọwọ́ àwọn amí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ sọ Dracula di ènìyàn tiwọn ní 1894, tí ọ̀ràn náà sì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá sì gé ìròyìn náà kù kí ayé tó rí i. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe é ni wọ́n ń pè ní Edom, ó sì wà síbẹ̀. A ó gbé odidi ìwé náà, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti gé kúrò àti ọ̀rọ̀ tí àwọn amí ìran mẹ́ta kọ sí etí rẹ̀, lé àwọn òṣèré lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa kà á. Ẹ wo bí a ti fi ẹgbẹ́ pamọ́ sínú ìwé tí gbogbo ayé ti ń kà láti ọdún yẹn wá! Èmi kò rí irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ẹjọ́ mi wà. Nínú ìwé olùdarí, ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń gbà kọ ìtàn ènìyàn kan: ó lè jẹ́ aláìmọwọ́-mẹsẹ̀, ó lè jẹ́ ènìyàn Edom, ó lè jẹ́ ẹrú Dracula. Olùdarí ni yóò yan èyí tí ó wù ú. Ìgbà wo ni yóò yàn án? Bí ó bá dúró di ìgbà tí àwọn òṣèré kan ilẹ̀kùn, tí ó sì wo ojú wọn kí ó tó yàn, àgbà tí ó sọ ẹ̀wà di àgbàdo ni. Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa lè sọ pé apàlọ́ àpagbè náà a máa yí ìtàn rẹ̀ bí ó ti ń rí ojú àwọn olùgbọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orin ni a ní kí àwọn yẹn gbè, a kò ní kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a bá ní kí ó mọ̀ ọ́n, a ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn kan. Nítorí náà, ìdájọ́ mi ni pé kí olùdarí yàn bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n kí ó yàn kí ó tó sọ gbólóhùn kìíní nípa ẹni náà. Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Bí a bá ń fi ipa sílẹ̀ báyìí, ṣé wọn kò ní tètè mọ̀?” Kí wọ́n mọ̀! Ní 1909 ni a dá ẹgbẹ́ tí ó di MI6 sílẹ̀. Ní 1994 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó wà. Ní gbogbo ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún yẹn, ta ni kò mọ̀ pé ó wà? Àwọn ọmọdé ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn. Ohun tí ayé kò mọ̀ ni ẹni tí ó jẹ́, ibi tí ó dé, àti ohun tí ó ń wá. Olùdarí tí ó ń fi gbogbo agbára bo wíwà ẹgbẹ́ náà ń bo ohun tí kò tó nǹkan. Kí àwọn òṣèré mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan wà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kí wọ́n máa wá ẹni tí ó jẹ́ kiri títí di ogún ọ̀sẹ̀, nígbà tí ẹni náà ń bu omi fún wọn mu.

Bí a bá ní kí n to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí mo ti rí wọn nìyí. Paranoia ni yóò kẹ́yìn, nítorí pé kò sí àlọ́ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Night’s Black Agents ni ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìpamọ́ gbọ́dọ̀ kà, ìpele mẹ́fà rẹ̀ sì tó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Yorùbá pàápàá. Ṣùgbọ́n Delta Green ni mo fi síwájú. Àwọn yòókù ń kọ́ wa bí a ti ń pa àṣírí mọ́. Òun nìkan ni ó béèrè ohun tí àṣírí ń ṣe sí ẹni tí ó gbé e sínú àti ẹni tí ó bá a sùn lórí ibùsùn kan.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá tún jókòó ti tábìlì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí olùdarí wọn ṣe ohun kan fún mi. Kí ó kọ orúkọ amí náà sínú ìwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó ká a, kí ó sì fi í sí abẹ́ fìtílà níbi tí gbogbo wọn ti ń rí i. Ní ọjọ́ tí eré bá parí, kí wọ́n ṣí i wò pọ̀.